Igbó Ẹfọ̀n Láìsí Ẹfọ̀n

Ẹfọ̀n ti kúrò ní Igbó Ẹfọ̀n tipẹ́. Ẹ̀fọn ló jogún ibẹ̀. Igbó náà ti di ilé alájà, ẹni tó bá fẹ́ rí ewé tútù á lọ fowó rà á létí títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́.

Àbúrò mi obìnrin ló ní òun fẹ́ lọ kọ́ họtikọ́ṣọ̀ ní yunifásítì FUNAAB, l'Ábẹ́òkúta. Màmá ní, "Bàbá yín sá fún ọkọ́ wá sí Èkó, ìwọ fẹ́ sanwó iléèwé kí wọ́n tún gbé e lé ọ lọ́wọ́?" Àbúrò mi ṣàlàyé títí: èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó ni, ìjọba àpapọ̀ ti dá iléeṣẹ́ ìwádìí NIHORT sílẹ̀ n'Íbàdàn fún un láti 1975. Màmá ní tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé àwọn ti ń hù kí 1975 tó dé.

Mo bá kó wọn lọ sọ́dọ̀ olódòdó. Iyanrìn àdúgbò yìí kì í gbomi dúró, nítorí náà àpò ilẹ̀dú ló kọ́kọ́ tò síwájú.

Màmá ní, "Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ talẹ̀ tán, ẹ tún ń ta iyẹ̀pẹ̀!"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó gé ẹ̀ka ixora kan nísàlẹ̀ oríkèé, ó já ewé ìdí rẹ̀ dànù, ó tì í bọ inú ọ̀rá dúdú tó kún fún ilẹ̀dú. Màmá ò tiẹ̀ wò ó. Ojú wọn ti wà lára pẹ́rẹ́gún kan nínú ìkòkò funfun, irú èyí tá a fi ń pààlà oko nílé. Wọ́n béèrè iye rẹ̀. Olódòdó dá iye lé e. Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá fẹnu ko àbúrò mi létí:

"Ọdún mélòó lẹ fi ń kọ́ ọ?"