Bírò Pupa Tèmi Náà Jẹ̀bi

Bí ẹ bá gbọ́ tí súpáfáísọ̀ kan ń ráhùn pé akẹ́kọ̀ọ́ òun kì í gba àtúnṣe, ẹ kọ́kọ́ yẹ bírò pupa ọwọ́ rẹ̀ wò. Èmi náà ń ráhùn bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọrùn tèmi ni ìdajì ẹjọ́ náà wà. Àmì ìbéèrè gbàgàdà ni mo máa ń fà sí etí ìwé, tàbí kí n kọ “Tún un kọ”, kí n sì buwọ́ lù ú bí adájọ́. Kí ló ṣe ìwé náà? N kì í sọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá gbé orí kejì padà, tó jẹ́ kọ́mà nìkan ló tún, mo ti pè é ní olóríkunkun nìyẹn. Àṣé àlọ́ àpamọ̀ ni mo pa fún un, mo wá ń bínú pé kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún 1996, àwọn olùwádìí méjì, Avraham Kluger àti Angelo DeNisi, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí jọ. Wọ́n rí i pé àtúnṣe sábà máa ń ranni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nínú ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ńṣe ni iṣẹ́ ẹni tí wọ́n tọ́ sọ́nà tún ń burú sí i. Ọ̀rọ̀ Cecilia Payne, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ kan, ló tilẹ̀ ń já mi láyà jù. Ní Harvard lọ́dún 1925, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ fi hàn pé háídírójìn ló pọ̀ jù lọ nínú ìràwọ̀. Henry Norris Russell, àgbà onímọ̀ ìràwọ̀, ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Payne gbà, ó kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àbájáde náà kì í ṣe òdodo. Lọ́dún 1929, Russell fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn dé ibi tí ọmọbìnrin náà ti dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ràn nìyẹn o!

Ẹnìkan á ní gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ni Payne, pé ọ̀lẹ wà níbẹ̀, àwọn kan sì ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni n óò ṣe mọ ọ̀lẹ yàtọ̀ sí ẹni tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́, nígbà tí n kò sọ ohun tí mo rí? Bí mo bá kọ ìdí rẹ̀, ẹlẹ́rìí á gbé ẹ̀rí jáde, ọ̀lẹ á sì máa wò suu. Akẹ́kọ̀ọ́ ò sì ní béèrè ìdí náà fúnra rẹ̀: lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í bi àgbà léèrè pé kí ló dé. “Ẹ ṣé, sà” ni yóò sọ, á sì lọ tún kọ́mà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi bírò dúdú kọ ọ́.