Ẹ Jẹ́ Kí N Wo Òrùlé Yín

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń di afurasí n'Ìbàdàn láì jalè, kó gbé àpótí, kánfáàsì àti ọ̀dà, kó lọ jókòó sí Òkè Ààrẹ, kó máa wo ilé onílé. Mo ti ṣe é. Ẹ̀dùn ọkàn mi nìyí, ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Ọmọ mi tó ń gbé ní London ló ní kí n wá ohun tí n ó máa fi najú lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Ó fi ọ̀dà, búrọ́ṣì àti igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kánfáàsì lé ránṣẹ́, ó tún fi fídíò kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi. Nínú fídíò ọ̀hún, òyìnbó kan dé akẹtẹ̀, ó jókòó sẹ́bàá omi, ó ń ya igi àti òfúrufú. Kò sẹ́ni tó kí i. Kò sẹ́ni tó bi í ní ohunkóhun. Ewúrẹ́ kan ò kọjá. Mo ní bó bá ṣe báyìí ni, ó ti bọ́ sí i.

Ìtàn iṣẹ́ náà dùn létí lóòótọ́. Kó tó di ọdún 1841, inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ń rọ ọ̀dà sí. Bó bá bẹ́, ó bẹ́ nìyẹn. Ará Amẹ́ríkà kan, John Goffe Rand, ló wá fi tánńganran ṣe túùbù téèyàn lè fún, kó sì dé e padà. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn fún àwọn bíi Claude Monet láti máa gbé ọ̀dà lọ sí oko àti etí òkun.

Ohun tí wọn kì í sọ fúnni ni pé Monet yìí kan náà, nígbà tó fẹ́ ya kàtídírà ìlú Rouen ní 1892 àti 1893, yàrá ló háyà lódì kejì ọ̀nà, tó ń wo ṣọ́ọ̀ṣì látojú fèrèsé. Àwòrán kàtídírà náà tó yà lé ní 30, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ bá ti yí padà báyìí, á gbé kánfáàsì kan sílẹ̀, á gbé òmíràn. Kánfáàsì kan ṣoṣo lèmi ní, mi ò sì ní fèrèsé l'Ókè Ààrẹ.

Ìsàlẹ̀ Láyípo ni mo jókòó sí, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 fún ìrántí Kapténì Bower, Rẹ́sídẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ n'Ìbàdàn. (Wọ́n kọ́ odidi ilé gogoro fún un, èmi ò rí bẹ́ǹṣì.) Láti ibẹ̀, òrùlé ló kún ojú ẹni lọ rẹrẹẹrẹ, páànù tó ti dógùn-ún, èyí pupa rúsúrúsú, èyí tó ti ń dúdú lọ, Gbọ̀ngàn Mápó sì jókòó sórí òkè tirẹ̀. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́.

Àmọ́ oòrùn Ìbàdàn kò ní sùúrù. Láàárọ̀, òjìji gùn, ilé kan dá yàtọ̀ sí èkejì. Kí n tó po àwọ̀ òjìji yẹn tán, oòrùn ti dé àtàrí wa, òjìji ti wọ abẹ́ òrùlé lọ, gbogbo ilé ti rí bákan náà. Ọ̀dà gbẹ mọ́ pátákó kí búrọ́ṣì tó kàn án. Wọ́n ní nígbà ooru nílùú òyìnbó, ìrọ̀lẹ́ máa ń fa ara rẹ̀ kó tó ṣú. Tiwa, bí oòrùn bá ti wọ̀, ilẹ̀ ṣú nìyẹn.

Ti oòrùn ṣì kéré. Obìnrin kan tó ń sá èlùbọ́ nítòsí ló kọ́kọ́ dé.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ìjọba ló rán yín?"

"Rárá o, ìyá. Àwòrán ni mò ń yà."

"Àwòrán kí ni?"

"Òrùlé."

"Òrùlé ta ni?"

Kí ni n ó wí? Òrùlé gbogbo wọn ni! Nílùú tí wọ́n ti ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó, bí bàbá arúgbó kan bá mú ọ̀dà dání tó tẹjú mọ́ ilé yín, ẹ̀yin náà á pe ọkọ yín. Ó pe ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ pe mógàjí. Mógàjí ní kí n wá sọ tẹnu mi.

Mo rojọ́ títí. Nígbà tó yé wọn pé mi ò wó ilé ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ yí bìrí. Bàbá onílé kan wo kánfáàsì, ó fajú ro.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò wá rí òrùlé mìíràn sọ di ògbólógbòó àfi tèmi?"

Mo ní bí mo ṣe rí i ni. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń gbèrò páànù tuntun, kí n kúkú ya tuntun ọ̀hún sí i, torí ọmọ òun wà lókè òkun, kò ní dáa kí wọ́n rí tàtijọ́ yìí lọ́hùn-ún. Mo fi páànù búlúù sí i. Aládùúgbò rẹ̀ béèrè bóyá òun ni apá òun ò ká búlúù. Mo fi búlúù sí tiẹ̀ náà. Kí n tó gbójú sókè, ìdajì Òkè Ààrẹ ti gba òrùlé lọ́wọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin abẹ́ igi wá ní kí n san owó ilẹ̀ tí mo jókòó lé. Ọmọdé kan tẹjú mọ́ Gbọ̀ngàn Mápó tí mo yà, ó ní jẹnẹrétọ̀ yìí dáa.

Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ti ń fi ọ̀dà yàwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ojú àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn ló gbájú mọ́ jù. Ọlọ́gbọ́n ni bàbá yẹn. Ẹni téèyàn ń yà jókòó jẹ́ẹ́, ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń wò, kò ránṣẹ́ sí mógàjí.

Mo ya fọ́tò iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí London. Ọmọ mi fèsì pé, "Dádì, Ìbàdàn ti dàgbà o! Gbogbo òrùlé ti di búlúù."

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Òkè Ààrẹ, ẹ̀yin ará Mápó, Bẹẹrẹ àti Ọjàába, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá rí àgbàlagbà tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, tó ń wo ilé yín, ìjọba kọ́ ló rán an. Ẹ kí i, ẹ bu omi tútù fún un, kẹ́ ẹ sì yẹra fún un kó lè ríran. Ẹni tó bá ń fẹ́ páànù tuntun, kó lọ bá kápẹ́ńtà.