Ẹ Bá Mi Bi Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Yìí

Ẹ̀yin ará Eko-Ende, ẹ̀yin ará Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, ẹjọ́ yín ni mo wá rò, ẹ̀yin náà lẹ ó sì dá a. Ta ló sọ fún yín pé bí sítáǹdì kámẹ́rà bá ṣe ga tó ni ayàwòrán ṣe mọṣẹ́ tó? Ẹ pè mí síbi ìnáwó, mo dé, mo kí yín, mo yọ kámẹ́rà lápò, ojú yín ti fò kọjá mi, ẹ ń wá ohun tí mo gbé dání sí i. "Fótò, sítáǹdì rẹ dà? Ẹni tó ya ti ẹbí ìyàwó, tó wá láti Òṣogbo, mẹ́ta ló tò kalẹ̀." Kò sẹ́ni tó bi mí pé irú lẹ́ǹsì wo ni mo gbé wá. Kò sẹ́ni tó ní kí n fi fótò tí mo ti yà rí han òun. Ẹsẹ̀ irin nìkan lẹ fẹ́ rí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká rà á. Ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn: "Bọ̀ọ̀dá, èyí ga o!" Wọ́n á fà á yọ, wọ́n á tún fà á yọ, títí orí rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fáànù àjà. Bí mo bá béèrè pé kílò mélòó ló lè gbé, wọ́n á ní, "Ó máa gbé e, ṣebí kámẹ́rà náà ni."

Kámẹ́rà náà kọ́! Bọ́dì kámẹ́rà ńlá tí àwa olóde ń lò ń sún mọ́ kílò 1. Lẹ́ǹsì 70-200 tó ń ṣí dé f/2.8, èyí tá a fi ń fa ojú ìyàwó mọ́ra láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, òun nìkan tó kílò 1.5. Ẹ wá so fláàṣì mọ́ ọn, ó ti ń lọ sí kílò 3. Ẹni tó gbọ́n á wá sítáǹdì tó lè gbé ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ẹrù yẹn, torí nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára páálí, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kì fún mi, fóònù àti ring light ni wọ́n ṣe é fún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, orí rẹ̀ ike, ibi tí wọ́n ti ń tì í náà ike.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí orí ike ń fojú mi rí. Mo ti bẹ ìyá olóyè jókòó, gèlè wọn dúró dáadáa, mo ti fi gèlè náà síbi tó yẹ kó wà nínú àwòrán. Mo dè é pa, mo yọwọ́. Lẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹríba. Díẹ̀díẹ̀ ni o, kò jẹ́ kéèyàn fura. Gèlè ló kọ́kọ́ ń lọ, iwájú orí á tẹ̀ lé e, nígbà tí mo bá fi tẹ bọ́tìnnì, láti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn títí dé orúnkún ni mo yà. Ìyá olóyè á gba fótò, wọ́n á yí i síhìn-ín, wọ́n á yí i sọ́hùn-ún: "Ọmọ mi, orí mi ńkọ́?" Ní ilẹ̀ Yorùbá! Ẹ lọ gba orí lọ́wọ́ ìyá olóyè kẹ́ ẹ wá wò ó.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Àgbà ò tíì rí tèmi ni. Ààrò sanra, ó kúrú, ìdí nìyẹn tó fi ń dúró. Àwọn tó ń ṣe sítáǹdì kò gbọ́ ìyẹn. Wọ́n ki ọ̀pá kan bọ àárín ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó lè máa ga sí i. Bí ẹ bá ti fa ọ̀pá àárín yẹn sókè, orí ẹsẹ̀ kan ni kámẹ́rà wà, kì í ṣe mẹ́ta mọ́, atẹ́gùn tó ń fẹ́ kánópì á sì máa mi òun náà. Èmi kì í fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ tó nípọn lókè ni mo máa ń kọ́kọ́ fà, màá fi èyí tó tín-ín-rín nísàlẹ̀ sílẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi di dandan. Bí ìkọ́ bá wà lábẹ́ sítáǹdì, màá gbé báàgì mi kọ́ ọ kó lè wúwo. Wọ́n ní kábọ́ọ̀nù fáíbà ló dáa jù, pé ó fúyẹ́ ju alumíníọ̀mù lọ, kì í sì í gbọ̀n púpọ̀. Òótọ́ ni. Owó rẹ̀ náà kì í gbọ̀n, gbọn-in ló dúró lókè.

Àwọn olùkọ́ YouTube ò ràn mí lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé sítáǹdì gun òkè oníyìnyín ni wọ́n ń ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ etí ìsédò Eko-Ende lèmi ń lọ, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀tìn kí omi ẹ̀rọ lè dé Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ sítáǹdì wà, bẹ́ ẹ bá bi mí. Ní ìdájí, tí ìmọ́lẹ̀ ò tíì tó nǹkan, ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ là sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì kí omi tó hàn, kò sì sí ọwọ́ ọmọ ènìyàn tó lè dúró jẹ́ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹsẹ̀ onírọ́bà lé ẹrẹ̀ etí omi, kẹ́ ẹ wá rí i bí ọ̀kan ṣe ń wọlẹ̀ lọ tí méjì tó kù ń wò ó. Irin ṣóńṣó ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, irú èyí tí àwọn sọ̀fíọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ wọlẹ̀ tí wọ́n bá ń wọn ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dagun, ẹsẹ̀ méjì la ń fi sísàlẹ̀, ọ̀kan á wà lókè. Mo béèrè onírin ṣóńṣó lọ́wọ́ olùtajà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé iṣu lẹ fẹ́ fi wà ni?"

Mo ń jowú àwọn tó ṣíwájú wa nídìí iṣẹ́ yìí. Ní 1838, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Daguerre dojú kámẹ́rà kọ títì kan ní Paris, ó là á sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Gbogbo èrò àti ẹṣin tó ń kọjá pòórá nínú àwòrán náà. Ẹni tó hàn ni ọkùnrin kan tó dúró kí wọ́n bá òun nu bàtà. Láyé ìgbà yẹn, bí kò bá sí sítáǹdì, kò sí àwòrán. Nílé níhìn-ín, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà sí wa, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó kọ nípa bí àwọn àgbà ṣe ń jókòó ya fótò: wọ́n á kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ọwọ́ lórí itan, nínú aṣọ ńlá. Ó kọ nípa ìbejì pẹ̀lú: bí ọ̀kan bá ti kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sínú fótò kan kí tàgbà tàbúrò lè jókòó pọ̀. (Orí mi máa ń wú bí mo bá rántí èyí.) Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn oníbàárà yẹn ń jókòó!

Ẹ̀yin ńkọ́? Mo to ẹsẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ níwájú kánópì, ẹ̀gbọ́n ọkọ fi agbádá kọ́ ọ̀kan, ó ń jó lọ náwó fún onílù, ó ń wọ́ ohun ìní mi lọ. Ọmọdé ti so bàlúùnù mọ́ ọn. Àwọn tó ń gbé ìrẹsì kọjá ní kí n sún nǹkan yìí kúrò lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ mi ò tiẹ̀ nílò rẹ̀ fún ijó. Kí ojú tó ṣẹ́, fláàṣì ti tàn, ó ti kú, ìgbà wo lọwọ́ fẹ́ ráyè gbọ̀n? Bí kò bá tiẹ̀ sí fláàṣì, òfin àtijọ́ wà: bí lẹ́ǹsì bá wà ní 200, kí ìyára kámẹ́rà má fà ju 1/200 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Fótò gbogbo ẹbí ni mo máa ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta yà, torí bó bá dúró sójú kan, mo lè ya márùn-ún, kí n mú ojú bọ̀ọ̀dá kan tó là nínú ẹ̀kẹta rọ́pò èyí tó dì nínú ẹ̀kejì. Ó tún ku fídíò ìwàásù. Orí ọ̀tọ̀ nìyẹn ń fẹ́, èyí tí wọ́n fi òróró sí nínú kó lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Orí oníbọ́ọ̀lù tó dáa fún fótò á kàn máa ta gìrì bí pásítọ̀ bá ti ń rìn ni. Ẹ lọ ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó ń tà á nítorí gíga.

Nígbà tó yá, mo ra ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni, kò gba àyè ju bàtà mi lọ, ó ń gba ìwúwo lẹ́ǹsì lápá mi, bí ijó bá sì ti gbóná, mo gbé e, mo sá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo gbé e lọ síbi ìsìnkú àgbà kan ní Ìníṣà. Olórí ẹbí wo ọ̀pá náà, wọ́n yí i po, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n wá bi mí pé ẹsẹ̀ méjì tó kù ńkọ́. Mo ní, "Bàbá, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn." Wọ́n fa akápò ẹbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n padà wá bá mi. "Ayàwòrán, a ò ní bá ọ jà. A ó kàn yọ owó ẹsẹ̀ méjì kúrò nínú iye tá a jọ sọ."