A-kì-í-gba-kọ́bọ̀

Ojú mi ti rí aláàánú. Mo ti rí èyí tí ó ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní oúnjẹ tí aya rẹ̀ pàápàá kò gbọ́. Mo ti rí èyí tí ó jí ní kùtùkùtù lọ san owó ìwé ọmọ opó, tí ó sì gba ẹ̀yìnkùlé padà sílé bí ẹni tí ó jalè. Ṣùgbọ́n irú èyí tí ó ń wọ ìlú Ìyèré láti bí ogún ọdún wá, tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí láyà ẹ̀wù rẹ̀, tí ó há ìwé ńlá mọ́ abíyá, tí ó gbé gbohùngbohùn lọ́wọ́ kí a má baà ṣe aláìmọ̀ pé àánú ti dé, irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ya àwòrán rẹ̀ lónìí, nítorí ó ti pẹ́ tí inú mi ti ń ru sí i, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tí yóò máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa á lẹ́rìn-ín.

A-kì-í-gba-kọ́bọ̀ ni a ń pè é ládùúgbò wa. Kì í ṣe àwa ni a sọ ọ́ lórúkọ. Òun ni ó ń sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Ó lè jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó pásítọ̀, tàbí ọ̀dọ́ tí ó jáde ní Pólì Ọ̀wọ̀ tí kò tíì ríṣẹ́. Bí a bá ní kí a kì í, báyìí ni a ó ṣe kì í: A-kì-í-gba-kọ́bọ̀, ọmọ aṣoore-gbé-e-kọ́rùn, ọmọ a-jí-ka-ọmọ-ọlọ́mọ bí ẹní ka ẹyin adìyẹ, a-di-àpò-ìrẹsì-mú-má-jù-ú-sílẹ̀, ó di ìgbà tí ayàwòrán bá ní ó tó, a-dé-lósàn-án-kí-ni-kú-òwúrọ̀, ọmọ a-gbowó-má-ṣírò, a-bi-í-léèrè-kó-bú-sẹ́kún.

Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí, pé òun kì í gba kọ́bọ̀, ni agboòrùn rẹ̀ lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Bí ó bá dá agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ fún àwọn ọmọ, tí oòrùn sì pa wọ́n títí di agogo méjì kí bọ́ọ̀sì rẹ̀ tó yọ lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀, tí àgbàlagbà kan bá wí pé èyí kò dára, kò ní tọrọ gáfárà, yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí a fẹ́ dájọ́ ikú fún, yóò ní, "Ẹ̀yin ara mi, iṣẹ́ tí n kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ nìyí o!" Bí ìwé ìkọ̀wé tí ó ṣèlérí fún oṣù kẹsàn-án bá dé ní oṣù keje, nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ilé-ìwé parí sáà kẹta, kọ́bọ̀ tí kò gbà ni yóò kọ́kọ́ kó jáde kí ó tó kó ìwé jáde. Bí ó bá fi bàtà tí ó tó ẹsẹ̀ ọlọ́pàá fún ọmọ ọdún mẹ́fà, bàtà kọ́ ni a ó jọ sọ̀rọ̀ lé lórí, àìgbowó rẹ̀ ni. Bí a bá sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé èló ni àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́, èló ni a ná, èló ni ó kù, ojú rẹ̀ yóò pọ́n, omi yóò lé ròrò sí i, yóò ní òótọ́ ni àwọn àgbà wí, pé igún ṣoore ó pá lórí, àkàlàmàgbò ṣoore ó yọ gẹ̀gẹ̀. Nígbà tí yóò fi sunkún tán, ẹni tí ó béèrè ni a ó máa bẹ̀ kí ó bẹ̀bẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí kọ́bọ̀ náà. Ọdún 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè ní ilẹ̀ wa, kọ́bọ̀ sì ń ra nǹkan nígbà náà. Lónìí, bí a bá kó gbogbo ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó wà ní Ìyèré jọ, èmi kò rò pé a ó rí èyí tí ó ti fi ọwọ́ kan kọ́bọ̀ rí. Ẹni tí ó wá ń búra pé òun kì í gba kọ́bọ̀, ìbúra rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó fi Ògún búra pé òun kò jẹ ẹyin erin láti ìgbà tí a ti bí òun: òótọ́ pọ́ńbélé ni, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ bi í nípa náírà, kí ẹ wá gbọ́ àlàyé. Owó ọkọ̀ wà, nítorí ẹsẹ̀ kò ṣeé rìn. Owó káàdì fóònù wà, nítorí a gbọ́dọ̀ máa pe ara wa. Owó oúnjẹ ìpàdé wà, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Owó hòtẹ́ẹ̀lì ní Àkúrẹ́ sì wà, ní ọjọ́ mẹ́ta tí a fi lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣàánú. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ó jẹ́ owó-oṣù, èmi náà kò sì pè é ní olè. Ohun tí ó jẹ́ burú ju olè lọ lójú tèmi, nítorí olè mọ̀ pé òun jẹ̀bi.

Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, wá forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí ó múlé gbè mí, tí ó ń tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́ta láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, a kò ní purọ́ mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Màmá, OVC mélòó ni ẹ ní nínú ilé yìí?"

"Kí lo pè é, ọmọ mi?"

"OVC ni, màmá."

Ìyá arúgbó wo àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí èyí tí ó kéré jù. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ a rí i. Ibà ni èyí ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sì ti gbé e lọ sí ọsibítù ní Ọ̀wọ̀. Dókítà kò sọ fún wa pé nǹkan mìíràn tún wà lára rẹ̀."

Nígbà tí a ṣàlàyé fún un tán pé ọmọ òrukàn àti ọmọ tí ó kù díẹ̀ káàtó fún ni àwọn aláàánú fi lẹ́tà mẹ́ta yìí ń pè, bàbá àwọn ọmọ náà ti oko dé, pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, ó kí wa, ó sì dúró. Ìdààmú bá ọ̀dọ́bìnrin náà. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí bàbá. Ó wo ìwé, ó wo ọkùnrin náà, ó tún wo ìwé, bí ẹni tí ó ń ro èwo nínú àwọn méjèèjì ni a lè fi rọ́bà pa rẹ́. Níkẹyìn ó ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà wọlé díẹ̀, kí a fi ya fọ́tò tán." Ọkùnrin náà sì wọlé! Ó gbé àdá rẹ̀, ó wọ inú yàrá lọ, ó lọ kú fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá nítorí àpò ìrẹsì kan. Mo mọ̀ pé àjọ UNICEF máa ń ka ọmọ tí òbí rẹ̀ kan kú mọ́ òrukàn, n kò bá wọn jà; òfin tí ó ní kí bàbá alààyè sá pamọ́ fún ayàwòrán ni n kò tíì rí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ni mo rí, abala kẹjọ rẹ̀ sì wí pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún un, ó fi ojú àánú wò mí. "Bàbá," ó ní, "ẹ kò mọ̀ pé a kì í gba kọ́bọ̀ ni?"

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. George Müller, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó fi ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ibùgbé, kọ owó-oṣù sílẹ̀ ní 1830, ó ṣí ilé fún àwọn ọmọ òrukàn ní 1836, nígbà tí ó sì fi kú ní 1898, àwọn ọmọ tí wọ́n ti gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá lé ní 10,000. Ọkùnrin yìí kò gbowó ní tòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọdọọdún ni ó ń tẹ ìròyìn jáde, tí ó ń to ohun tí ó wọlé lẹ́sẹẹsẹ, dé orí pẹ́nì tí tálákà fi ránṣẹ́. Ní tiwa níhìn-ín, Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀, olùkọ́ tí ó ń gba owó-oṣù rẹ̀ láìtijú, wà lára àwọn tí wọ́n gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí a kò sì bi ọmọ kankan bóyá bàbá rẹ̀ ti kú kí a tó fún un ní ìjókòó. Ọ̀fẹ́ ti ìgbà yẹn, ọmọ ni ó jẹ ẹ́. Olùkọ́ ń gbowó, nítorí náà bí olùkọ́ kò bá wá sí iṣẹ́, alábẹ̀wò yóò bi í pé níbo ni ó wà. Ta ni yóò bi A-kì-í-gba-kọ́bọ̀?

Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025. Láti 2003 tí ìjọba Amẹ́ríkà ti dá ètò PEPFAR sílẹ̀ láti fi gbógun ti àrùn éèdì káàkiri ayé ni òfin rẹ̀ ti ya ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ òrukàn àti irú wọn. Owó náà ṣe rere. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà láyé nítorí rẹ̀, ẹni tí ó bá sọ pé irọ́ ni, ẹ má fún un níjòókòó. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni Ààrẹ Trump dá owó ìrànwọ́ sí ilẹ̀ òkèèrè dúró, nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ kìíní oṣù keje, àjọ USAID tí ó ń pín púpọ̀ nínú rẹ̀ ti kógbá wọlé. Háà! Ẹkún tí A-kì-í-gba-kọ́bọ̀ sun, opó kò sun irú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì dáwọ́ dúró, gbohùngbohùn dákẹ́. Mo pàdé ọ̀kan nínú wọn ní ọjà Ọ̀wọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kò gbọ́ ohun tí wọ́n fi ojú wa rí?" Mo ní mo gbọ́, pé ohun tí kò yé mi ni bí dọ́là tí ó dúró ṣe lè dí ẹni tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àánú. Ó ní òun ń bọ̀. N kò tíì rí i.

Mo ti fẹ́ fi ẹ̀rín pa á, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ẹ̀rín kò dé. Ní ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn apànìyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa ènìyàn tí kò dín ní 40, àwọn ọmọ sì wà tí wọ́n bá òbí wọn lọ sí ìsìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà tí wọn kò bá wọn padà. Àwọn nọ́ọ̀sì kò sùn. Àwọn ènìyàn lọ fi ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Kò sí ẹni tí ó san kọ́bọ̀ fún wọn, èmi kò sì gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn fọhùn nípa kọ́bọ̀. Àfi irú ẹ̀dá tí mo ń wí yìí, tí ó dé nígbà tí omijé àwọn ènìyàn kò tíì gbẹ, tí ó na báńà, tí ó ń to ọmọ tí kò tíì mọ ohun tí ikú jẹ́ sí iwájú rẹ̀, tí ó ní kí wọ́n túbọ̀ sún mọ́ra. Àwọn baba wa wí pé aláìníìyá kì í dégbò ẹ̀yìn. Ẹ wo ẹni tí ó ń fi èékánná yẹ egbò náà wò kí ó lè hàn dáadáa nínú fọ́tò. Mo la ẹnu láti gbé e ṣépè. Mo rántí irun funfun orí mi, mo sì pa ẹnu dé.

Àwọn mìíràn tí wọn kò gbójú lé Amẹ́ríkà ṣì ń wá. Ní oṣù keje ọdún 2025 tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kó ìwé ìkọ̀wé dé, mẹ́fà mẹ́fà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, fún sáà tí ó ti ń parí lọ. Olórí wọn, ọkùnrin sígìsígì kan, fi gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí nípa ìfara-ẹni-rúbọ. Ìyá arúgbó aládùúgbò mi gba ìwé, ó kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ dìde.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé lóòótọ́ ni pé wọn kì í san kọ́bọ̀ fún yín?"

"Kọ́bọ̀ kan, màmá! Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi."

Ìyá arúgbó kúnlẹ̀, tìrora-tìrora, nínú erùpẹ̀ níwájú gbogbo wa. "Mo bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa san án. Bó kéré bó tóbi, ẹ gbà á, kí àwa náà lè rí ẹni bá wí."

Ọkùnrin náà kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí ariwo àwọn ọmọ. Ó yíjú sí ayàwòrán, ó ní kí ó yára yà á, pé màmá ń gbàdúrà fún àwọn.