Àdápútọ̀ Ọ̀fẹ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: ahun ni mí. Kì í ṣe ahun tí kì í fún ọmọ lówó ọkọ̀ o, ahun tí kì í ju nǹkan nù ni. Àpò kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tó kún fún wáyà, ṣájà àti àdápútọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó ti kú láti 2001 tí GSM ti dé. Gbogbo ìgbà tí ìyàwó mi bá fẹ́ dà á nù ni mo máa ń sọ pé, "Ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa wúlò." Ọjọ́ náà sì dé.

Bùọ̀dá mi ló fà á. Wọ́n ń palẹ̀ yàrá ẹrù wọn mọ́ ni wọ́n kan ZX Spectrum tí wọ́n gbé bọ̀ láti London nígbà tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ wọn ní 1984. Kọ̀ǹpútà dúdú pẹlẹbẹ ni, kò ju ìwé ńlá kan lọ, bọ́tìnì rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó rọ̀ bí etí ewúrẹ́. Nígbà tó jáde ní 1982, £175 ni wọ́n ń ta èyí tó ní mẹ́mọ́rì 48K. Lónìí, fọ́tò kan ṣoṣo nínú fóònù mi ju gbogbo mẹ́mọ́rì yẹn lọ. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀, lọ́mọdé, pé èèyàn lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ sì gbọ́.

"Máa gbé e lọ, àbúrò," ni bùọ̀dá wí. "Àdápútọ̀ rẹ̀ ti sọnù o."

Ta ló ń sọ ti àdápútọ̀ fún mi? Mo ya ₦15,000 sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, mo sì lọ tú àpò mi. Mo rí ti ráúta kan: 9V. Spectrum náà: 9V. Ẹnu rẹ̀ wọlé wẹ́kú. Àwọn róbótó kéékèèké kan wà lára rẹ̀ tó fi àmì àròpọ̀ hàn láàárín. Mo rò pé wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Mo tanná.

Kò bú. Ì bá kúkú bú, ǹ bá ti gbọ́n. Òórùn díẹ̀ ló yọ, bí ìgbà tí wọ́n ń fi iná jó irun ewúrẹ́. Mo pa á, mo sinmi, mo tún tàn án, bóyá kò tíì jí dáadáa.

Nígbà tí kò jí, mo tú ìdè rẹ̀, mo sì ṣí i bí ẹni ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló so bọ́tìnì orí mọ́ páńẹ̀lì ìsàlẹ̀. Ogójì ọdún ti sọ wọ́n di gbígbẹ bí ewé oṣù kejìlá. Mo gbọ́ "kẹ̀ẹ̀". Méjèèjì ti já.

Mo gbé e dé Kọ̀ǹpútà Vílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà. Ọmọkùnrin kan yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Dádì, ibo lẹ ń fi sim sí?"

Mo gbé e délé, mo gbé e lọ bá bàbá onírédíò àdúgbò wa. Bàbá fi mítà wọn tọ́ ọ wò, wọ́n wo àdápútọ̀, wọ́n wo ojú mi. "Ta ló fi èyí sí i?"

"Àwọn ọmọ ni, Bàbá."

Àwọn ìbejì mi wà lẹ́yìn mi. "Kì í ṣe àwa o! Dádì ni!"

Bàbá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ àdápútọ̀ ìsinsìnyí, pósítíìfù ló wà láàárín ẹnu rẹ̀. Nẹ́gẹ́tíìfù ni Spectrum ń fẹ́ níbẹ̀. "Ṣòkòtò lẹ fi bọ̀ ọ́ lọ́rùn." Tiransísítọ̀ kékeré tó ń pín iná ti kú, ó sì mú àwọn ṣíìpù mẹ́mọ́rì mẹ́jọ lọ́wọ́ lọ. Àwọn yẹn ń jẹ iná oríṣi mẹ́ta: 5V, 12V àti −5V. Bí −5V bá dá tí 12V ṣì ń wọlé, jíjóná ni.

Bàbá ní ₦8,000 ni iṣẹ́ wọn. Mo ní ó wọ́n. Mo ra irin ìjó-òjé ₦2,500, mo ní n óò ṣe é fúnra mi. Ṣíìpù mẹ́jọ, ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹsẹ̀ 128. Nígbà tí mo dé orí ìkẹta, bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ ara páńẹ̀lì ti ń bá a ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Mo fi ọ̀rá dúdú gbé e padà. Bàbá ò bínú. Wọ́n kàn ní ó ti di ₦20,000.

Ọmọ bùọ̀dá mi tó ń bọ̀ láti London ló bá mi ra ẹ̀yà tuntun: rọ́bà bọ́tìnì, pátákó mẹ́mọ́rì kékeré tó jẹ́ pé 5V nìkan ló ń jẹ, àti ẹ̀yà tí kì í jẹ́ kí inú rẹ̀ gbóná. ₦90,000. Bàbá tún fa wáyà fídíò jáde tààrà fún tẹlifíṣọ̀n òde òní.

Ní alẹ́ Sátidé, ojú tẹlifíṣọ̀n funfun, ọ̀rọ̀ kan sì yọ nísàlẹ̀: © 1982 Sinclair Research Ltd. Mo pariwo. Mo tẹ J lẹ́ẹ̀kan, odidi LOAD yọ, bó ṣe máa ń ṣe láyé ọjọ́un. Dípò kásẹ́ẹ̀tì, mo fi wáyà so fóònù mi mọ́ ihò EAR kí géèmù lè wọlé. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún ni ariwo rẹ̀, bí ẹ̀rọ ìlọta tó ń lọ òkúta. Ó ku díẹ̀ kó parí ni fóònù dún. Ìyá ìyàwó mi ni. Wọ́n ní àwọn kàn ní kí àwọn kí wa ni. R Tape loading error.

Ìyàwó mi ń ṣírò lórí bẹ́ẹ̀dì. "₦112,500. Bàbá Ìbejì, èló ni àdápútọ̀ tó bá a mu gan-an?"

Mo ti bi bàbá onírédíò. ₦4,000 ni.

Àpò mi ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti dá àdápútọ̀ ráúta náà padà síbẹ̀. Kò kúkú bàjẹ́.