Sísí Àfọwọ́ṣe

Bí ìgbéyàwó bá ku oṣù kan ní Ìkàrẹ́, tí ìyá ìyàwó ń ka iṣu, tí bàbá ìyàwó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ iye tí wọ́n dá lé màlúù, obìnrin kan yóò dìde láàárín àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó, yóò tún wígì rẹ̀ ṣe, yóò ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan tó yàtọ̀." Òun ni mò ń bá wí. Ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ ní tiyín ládùúgbò. Sísí Àfọwọ́ṣe ni mò ń pe tèmi.

Nǹkan tó yàtọ̀ náà ni bráídà ṣáwà, àpèjẹ tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń ṣe fún ìyàwó kó tó wọlé ọkọ. Nígbà tí ìyá àgbà kan ní Ọ̀kà kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn, ó béèrè bóyá ṣáwá tútù ni wọ́n fẹ́ sè àbí gbígbẹ. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ẹja ì bá sàn jù, torí ẹni tó bá jẹ ẹja mọ ohun tí òun jẹ.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àṣà yìí ti gbilẹ̀ láti òpin ọ̀rúndún 19, àwọn àlejò ló ń ru ẹ̀bùn wá fún ìyàwó, kó lè máa rọ̀ lé e lórí bí òjò. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àwa ti yí òjò ọ̀hún padà. Ìyàwó ló gbọ́dọ̀ rọ̀jò lé àlejò lórí, torí Yorùbá kì í ti òde àríyá bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ẹ ṣáà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá yín wò, ẹ ó bá ìkè òkú ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí níbẹ̀, orúkọ àti ọjọ́ ìsìnkú sì wà lára rẹ̀ gbagidi.

Sísí Àfọwọ́ṣe kò fẹ́ ìkè. Ó ní ìkè ti di ti àwọn ìyá wa, ohun tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló ń fi ìfẹ́ hàn. Ó yọ fóònù, ó fi àwòrán hàn wá. Àwọn ará Ítálì a máa di álímọ́ńdì onísúgà márùn-ún sínú àpò kékeré fún àlejò ìgbéyàwó: ọ̀kan fún ìlera, ọ̀kan fún ọrọ̀, ọ̀kan fún ayọ̀, ọ̀kan fún ọmọ, ọ̀kan fún ẹ̀mí gígùn. Gbogbo wa ṣe àmín. Nígbà tó dé ọjà Ìkàrẹ́ tó gbọ́ iye álímọ́ńdì, ó ní ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ẹ̀pà.

Ogójì àlejò, ẹ̀pà márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, igba ẹ̀pà nìyẹn. Kọ́ńgò kan kò lè tán nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀pà kọ́ ni ìnáwó. Lẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi rán àpò ni ìnáwó, ríbọ́nì ni ìnáwó, páálí, gọ́ọ̀mù àti owó ọkọ̀ ni ìnáwó. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀, owó tó bá àpò ẹ̀pà kan lọ tó ra ìkè tó lọ́mọrí.

Ta ló wá ṣe é? Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ni agbègbè Àkókó ní. Ìkàrẹ́ ni ibùjókòó ti Àríwá Ìlà-Oòrùn, Ọ̀kà ni ti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn. Ìkarùn-ún wà lọ́wọ́ Sísí Àfọwọ́ṣe, kò sì síbi tí àṣẹ rẹ̀ kò dé. Àwọn ọmọṣẹ́ télọ̀ ní Jùbílì ní Ìkàrẹ́ ló gé lẹ́ẹ̀sì tí wọ́n rán an. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá, tí ìkọ̀wé rẹ̀ dùn ún wò, ló kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sára ogójì páálí. Oúnjẹ ọ̀sán ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àbúrò ìyàwó ní Ọ̀kà ló ń di ẹ̀pà. Sísí fúnra rẹ̀ ń wọkọ̀ láti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá, ó ń gun òkè Ọ̀kà, ó ń bẹ iṣẹ́ wò.

Mo bá wọn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Iná ti lọ, wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù lé ìdí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Àbíkẹ́yìn ilé, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń feyín já ríbọ́nì, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí sísọ́ọ̀sì wọlẹ̀ sí. Gọ́ọ̀mù ti gan mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ó ń bó o bí ẹni ń bó èèpo ẹyin. Sísí jókòó sórí àga, ó tẹ́ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí itan. Èékánná tuntun ni, nǹkan kò gbọdọ̀ kàn án.

"Ríbọ́nì yẹn wọ́! Tú u, kí o tún un dì. Ìfẹ́ la fi ń ṣe é."

Ọmọ náà tú u. Ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Àǹtí, ìfẹ́ ta ni?" Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ti gùn jù.

Ọjọ́ pé. Ìyá àgbà tó béèrè ẹja gba àpò tirẹ̀, ó tú ríbọ́nì, ó da ohun tó wà níbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó kà á. Ó tún un kà.

"Ọmọ mi, márùn-ún ni mo rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ìlera, ọrọ̀, ayọ̀, ọmọ, ẹ̀mí gígùn ni."

Màmá gbé ọ̀kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀. "Kòkòrò ti jẹ eléyìí. Èwo ni nínú wọn?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Kílẹ̀ tó ṣú, àwòrán ti gba orí WhatsApp. Ogójì àpò tò lọ bẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀: "Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ọlọ́run ló ni ògo." Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ ọlọ́wọ́ ló kó jọ, àyà tirẹ̀ nìkan ló sọ.

N kò bá àfọwọ́ṣe jà o. Àwọn ìyá wa fọwọ́ hun kíjìpá, wọ́n fọwọ́ po ọsẹ dúdú, gbogbo ilé ló sì mọ ọwọ́ tó ṣe é. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dìde níbi ìpàdé ìgbéyàwó yín tó ní àfọwọ́ṣe ló yẹ ká pín, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ní kó na ọwọ́ rẹ̀ jáde. Bí ẹ ò bá rí gọ́ọ̀mù níbẹ̀, ẹ lọ ra ìkè.