Bíà Tó Sọdá Ẹnu Ọ̀nà

Ní Ireland, lóṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba ní kí àwọn ilé ọtí ṣílẹ̀kùn padà, àmọ́ kí oníbàárà jókòó síta nítorí kòrónà. Àwọn ọlọ́tí gbọ́ràn. Wọ́n to tábìlì sẹ́bàá títì, ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n tiẹ̀ rí owó ìrànwọ́ gbà fún àga àti agboòrùn. Àfi bí ọlọ́pàá ṣe ṣí ìwé òfin: àṣẹ ọtí títà kò kọjá ààlà ilé ọtí. Bíà tó bófin mu lórí káńtà wá di ẹ̀ṣẹ̀ kó tó dé orí tábìlì. Ìjọba kan náà ló tẹ́ní, òun náà ló ń ká a.

Àwọn kan ní kí la ń pariwo sí, ṣebí mínísítà ti ní ọlọ́pàá yóò lo làákàyè. Làákàyè dára, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé kọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àṣẹ. Ọlọ́pàá tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ajé lè fajú ro lọ́jọ́ Ẹtì, ọlọ́tí ni yóò sì rojọ́ níwájú adájọ́. Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé bí òfin bá là á yéni, gbogbo títì yóò di ilé ọtí. Ó tì o. Òfin tí wọ́n padà ṣe lóṣù keje ọdún náà kò ju pé kí wọ́n máa ta ọtí níbi ìjókòó tí ìjọba ìbílẹ̀ bá ti fọwọ́ sí. Ọ̀mùtí tó bá ń jà níbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Òjò Dublin nìkan ni kò gba ìwé àṣẹ tó fi ń bomi la bíà oníbíà.